Kí Ló Dé Tí Epo Fi Pupa Tí Àdín Ò Pupa?

Ọmọdé kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí ní Ìwàrè, níbi tí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ṣe epo. Wọ́n ti se ẹyìn, wọ́n ti gún un, wọ́n ti da omi sí i, epo ti léfòó, ìyá àgbà sì ń fi igbá ré e lójú omi sínú ìkòkò tó wà lórí iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n sá ẹkùrọ́ tó ti inú ẹyìn kan náà jáde sí. Ọmọ náà wo ìkòkò, ó wo ẹkùrọ́, ó ní: "Ìyá àgbà, ṣebí inú ẹyìn kan náà ni wọ́n ti wá. Kí ló dé tí epo fi pupa tí àdín ò pupa?" Ìyá àgbà ní bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Nígbà tó rí i pé ìdáhùn yẹn ò tẹ́ ọmọ lọ́rùn, ó yíjú sí mi: "Ìwọ akọ̀wé, dá a lóhùn."

Mo ní kárótíìnì ló wà nínú epo, kò sí nínú àdín. Ọmọ náà mi orí bí ẹni tó gbọ́. Èmi fúnra mi mọ̀ pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Orúkọ ni mo dá, n kò sọ ìdí. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí ilé yìí fi gbóná, tí mo ní iná ló wà níbẹ̀, ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: kí ni iná ń ṣe tí ara ilé fi ń gbóná? Kí ni kárótíìnì ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tí epo fi ń pupa? Orí yìí ni gbèsè tí mo jẹ ọmọ náà.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, bó ti wù kó mọ́ tó, àkópọ̀ àwọ̀ ni. Òṣùmàrè ló ń tú àṣírí rẹ̀ nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀ tí oòrùn sì yọ. Ohun tó bá ní àwọ̀, jíjẹ ló ń jẹ díẹ̀ nínú àkópọ̀ yẹn. Èyí tó bá jẹ kù ló ń wá sójú wa. Epo a máa jẹ búlúù. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ yọ́ epo díẹ̀, ẹ dà á sínú gíláàsì tó mọ́, kí ẹ wá fi wo aṣọ búlúù tí oòrùn ń ràn sí. Búlúù aṣọ náà á dúdú lójú yín, torí pé epo ti gba búlúù náà jẹ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí búlúù bá lọ, ohun tó ṣẹ́kù ni pupa, àwọ̀ ọsàn, àti yẹ́lò. Òyìnbó á ní epo wa kì í ṣe pupa, pé àwọ̀ ọsàn tó ki ni. A ò ní bá a jà, àmọ́ ó yẹ kí ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ wa gan-an ló bá ìṣẹ̀dá mu níbí yìí. Epo, wúrà, osùn, ìbẹ́pẹ tó pọ́n: pupa ni Yorùbá ń pè gbogbo wọn, gbogbo wọn náà ni wọ́n sì ń jẹ búlúù tí wọ́n ń fi apá kejì òṣùmàrè sílẹ̀.

Gígùn ìgbì ni àwọn onímọ̀ fi ń ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, nánómítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gé mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánómítà kan. Ìgbì búlúù wà ní àyíká 450, ti pupa wà láti 620 títí dé nǹkan bíi 700. Ní àyíká 450 yìí ni kárótíìnì ti ń jẹun jù. Oúnjẹ rẹ̀ ò sì kéré. Nínú kílò epo kan tí wọn ò tíì fọ̀ mọ́, kárótíìnì tó wà níbẹ̀ sábà máa ń wà láàrín mílígíráàmù 500 sí 700. Gíráàmù kan ò pé, ó sì pa gbogbo kílò náà láwọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ó padà síbẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Wackenroder ló kọ́kọ́ yọ nǹkan yìí sọ́tọ̀ ní 1831, láti inú kárọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí Paul Karrer tó mọ bí mólékù rẹ̀ ṣe rí, ní Zürich. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Ohun tó rí ni okùn gígùn kan tí òrùka kékeré wà ní ìdí rẹ̀ méjèèjì.

Okùn yìí ni kókó. Kábọ́ọ̀nù ló so kọ́ra níbẹ̀, ìdè onílọ̀ọ́po-méjì, ìdè ẹyọ kan, ìdè onílọ̀ọ́po-méjì, ìdè ẹyọ kan, títí tí ìdè onílọ̀ọ́po-méjì fi pé 11. Níbi tí irú ìdè méjèèjì bá ti ń gba ara wọn lọ́wọ́ báyìí, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan kì í jókòó sáàrín átọ́ọ̀mù méjì péré mọ́. Gbogbo okùn náà di ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Nínú kárótíìnì, 22 ni irú wọn.

Àmọ́ wọn kì í rìn bó ṣe wù wọ́n. Orí ìpele ni wọ́n ń gbé, bí ìpele àtẹ̀gùn, méjì-méjì lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Méjìlélógún wọn kún ìpele 11 ìsàlẹ̀, ìpele kejìlá sì ṣófo. Bí ìmọ́lẹ̀ bá máa gbé ọ̀kan nínú wọn gòkè, ó gbọ́dọ̀ mú iye agbára tó pé ìfò náà gẹ́lẹ́ wá. Níbí, kò sí nínájà. Ẹni tó mú owó tó dín wá, wọ́n dá a padà. Ẹni tó mú èyí tó lé wá, wọn ò ní ṣẹ́ńjì láti fún un.

Bí okùn náà bá ṣe gùn tó ló ń sọ bí ìpele ṣe súnmọ́ra tó. Ẹni tó bá ti rí onígòjé nínú ẹgbẹ́ sákárà mọ̀ pé bí ìka rẹ̀ bá fi apá tó gùn sílẹ̀ lára okùn, ohùn á wálẹ̀. Bó bá gé e kúrú, ohùn á ròkè. Bẹ́ẹ̀ ni ti mólékù. Étílíìnì, afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń tú síta tó ń mú kó pọ́n, ìdè onílọ̀ọ́po-méjì kan ṣoṣo ló ní. Ìfò tirẹ̀ ga débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 170 nánómítà ló lè ṣe é, ojú ènìyàn ò sì lè rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí étílíìnì ò fi ní àwọ̀. Okùn onídè 11 ló mú ìfò náà wálẹ̀ títí ó fi bọ́ sórí búlúù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá epo sórí iná títí pupa rẹ̀ á fi ṣí, okùn yìí lẹ ń já. Ó já, ó kúrú, ìfò rẹ̀ ròkè kúrò lójú wa, epo funfun. Fítámì A tí ara ì bá fi kárótíìnì náà ṣe bá a lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń mú ọbẹ̀ dùn, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ọ̀fadà.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dánu dúró síbí yìí: okùn gùn, ìpele súnmọ́ra, búlúù lọ, epo pupa. Ó dùn-ún gbọ́, ìdajì òótọ́ sì ni. Ìdajì tó kù ló mú mi kọ orí yìí.

Ní 1972, Bruce Hudson àti Bryan Kohler ń yẹ mólékù kan wò ní Amẹ́ríkà, mọ̀lẹ́bí kárótíìnì tí okùn rẹ̀ kúrú. Wọ́n rí ìfò ńlá tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, níbi tí agbára ti kéré sí i, wọ́n rí òmíràn tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Ìpele kan wà ní ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí! Lọ́dún yẹn kan náà, Klaus Schulten àti Martin Karplus ṣe ìṣirò tó fi hàn pé ìpele náà kì í ṣe àṣìṣe, pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Kárótíìnì inú epo wa náà ní in. Ká sọ pé ìmọ́lẹ̀ lè gòkè lọ síbẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ súnmọ́ 700 nánómítà, èyí tí ó pupa jù lọ tí ojú wa lè rí, ló máa kájú rẹ̀. Kárótíìnì ì bá máa jẹ búlúù kó sì tún máa jẹ pupa. Kì bá má sí epo pupa.

Nítorí náà, ìbéèrè ọmọ yẹn ní apá kejì tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun bi. Kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ pupa tó ní owó ìpele ìsàlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ gẹ́lẹ́ fi ń kọjá lọ láìwọlé?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọpọ́n ayò síwájú. Ihò mẹ́fà wà lọ́dọ̀ yín, mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dijú. Bí mo bá yí ọpọ́n náà po tí ọ̀tún di òsì, tí ọ̀dọ̀ yín di ọ̀dọ̀ tèmi, ẹ la ojú, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá rí báyìí ni mo máa sọ pé ó ní ìdọ́gba ìrísí. Ní kété tí ẹnì kan bá ti ta ayò àkọ́kọ́, ìdọ́gba náà bàjẹ́. Kárótíìnì tó wà nínú epo jù lọ dà bí ọpọ́n tí a ò tíì ta: ojúkò kan wà láàrín okùn rẹ̀, átọ́ọ̀mù tó bá wà lápá kan ní ìbejì rẹ̀ lápá kejì gan-an, ní ọ̀gangan tó dojú kọ ọ́.

Wàyí o, bí mólékù bá ní ìdọ́gba ìrísí, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ ń gbà tàn ká náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ rò ó bí aṣọ àdìrẹ. Apá kan dúdú, apá kan funfun, kì í ṣe àwọ̀ gidi o, àmì ni mo fi ń ṣe, bí ẹni tó ń kọ ìròpọ̀ sí ibì kan, ìyọkúrò sí ibòmíràn. Ẹ yí aṣọ náà po bí a ṣe yí ọpọ́n. Ọ̀kan nínú ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Yálà àwòrán náà padà bá ara rẹ̀ mu, dúdú lórí dúdú, funfun lórí funfun. Tàbí kó bọ́ sódì pátápátá, kí gbogbo ibi tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ di funfun, kí gbogbo funfun di dúdú. Kò sí ẹ̀kẹta. Àwọn ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń pe àkọ́kọ́ ní gerade, èkejì ní ungerade. Èmi á pe àkọ́kọ́ ní ojú-kan, màá sì pe èkejì ní ojú-òdì.

Otto Laporte ló kọ́kọ́ rí ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń fà, ní 1924, nígbà tó ń to ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara irin jáde. Ó rí i pé ìpele agbára irin pín sí agbo ilé méjì, àti pé ìfò kì í wáyé àfi láti agbo ilé kan sí èkejì. Kò sí ìfò nínú agbo ilé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń gbéyàwó nílẹ̀ yìí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: ọmọ ilé kan kì í fẹ́ ọmọ ilé kan náà. Laporte rí èèwọ̀ náà, kò rí ìdí rẹ̀. Ní 1927 ni Eugene Wigner, ọmọ Hungary, fi hàn pé ìdọ́gba ìrísí ni ìdí rẹ̀, pé agbo ilé kan jẹ́ ojú-kan, èkejì jẹ́ ojú-òdì. Irú òfin báyìí tó ń sọ ìfò tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe àti èyí tó jẹ́ èèwọ̀ ni màá máa pè ní òfin ìyọ̀ǹda.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìrísí lásán ṣe lè dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà? Ibí yìí ló dùn jù fún mi. Gígùn kárótíìnì ò ju nǹkan bíi nánómítà mẹ́ta, ìgbì búlúù sì jẹ́ 450. Lójú ìmọ́lẹ̀, mólékù náà dà bí ẹ̀ka igi kékeré lórí ìgbì òkun. Ìgbì náà ò lè fa apá kan rẹ̀ kó fi èkejì sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń tì lẹ́ẹ̀kan náà, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì. Kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó lè gòkè, títì yìí gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń yí sí àwòrán ìparí, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń sún sí apá kan.

Ẹ wá fojú inú wo ìdíje fífa okùn. Ẹ mú ibì kan lápá ọ̀tún mólékù náà, kí ẹ sì mú ìbejì rẹ̀ lápá òsì. Bí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ojú-kan tí ti ìparí náà sì jẹ́ ojú-kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́tùn-ún náà ló ṣẹlẹ̀ lósì, iye kan náà, àmì kan náà. Ọ̀tún fà sọ́tùn-ún, òsì fà sósì, agbára wọn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìbejì yòókù. Okùn ò kúrò lójú kan. Kì í ṣe pé ó sún díẹ̀, òdo ni. Ìmọ́lẹ̀ tì, tì, tì, kò rí nǹkan dì mú, ó kọjá lọ.

Bó bá jẹ́ pé ojú-òdì ni àwòrán ìparí ńkọ́? Nígbà náà, ìbejì tó wà lósì ti yí àmì rẹ̀ padà. Dípò kó fà sósì, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ fà sọ́tùn-ún. Gbogbo ìbejì ló wà lẹ́yìn okùn kan náà. Ìmọ́lẹ̀ rí nǹkan dì mú, ó sì jẹun yó.

Ipò ìsinmi kárótíìnì, níbi tó wà kí ìmọ́lẹ̀ tó dé, jẹ́ ojú-kan. Ìpele tó jẹ búlúù jẹ́ ojú-òdì, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba mílígíráàmù ṣe ń pa kílò epo láwọ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ tí Hudson àti Kohler rí ìbátan rẹ̀, ojú-kan ni. Ọmọ ilé kan náà ni òun àti ipò ìsinmi. Èèwọ̀.

Ẹni tó fara balẹ̀ á bi mí pé báwo ló ṣe di ojú-kan. Ìpele kọkànlá àti ìkejìlá, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà, yàtọ̀ síra wọn: bí ọ̀kan bá jẹ́ ojú-kan, èkejì á jẹ́ ojú-òdì. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan ṣoṣo bá fò, mólékù lódindi bọ́ sódì lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ipò ìsàlẹ̀ yẹn, dé ìwọ̀n tó pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì ló jọ gòkè pọ̀ níbẹ̀. Aṣọ tí a yí sódì lẹ́ẹ̀mejì ti padà sójú rẹ̀. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì ṣe jọ gòkè tí agbára rẹ̀ tún fi kéré ju ti ẹyọ kan lọ máa ń ya àwọn onímọ̀ gan-an lẹ́nu; ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kórìíra kí wọ́n súnmọ́ra, ètò yẹn sì jẹ́ kí wọ́n lè yẹra fún ara wọn dáadáa.

Mo pè é ní èèwọ̀, mi ò pè é ní ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà wà tí èèwọ̀ fi ń bàjẹ́ díẹ̀. Mólékù kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru, bí ó sì ṣe ń gbọ̀n, ìbejì kan lè yẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan ẹnìkejì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíńtín. Fún àkókò yẹn ìdọ́gba ò pé, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì jí wọlé. Àwọn àgbẹ̀ onílẹ̀ kókó mọ àpẹẹrẹ èyí láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Kọ́pà súlíféètì tí wọ́n máa ń pò mọ́ ẹfun láti fi lé àrùn tó ń sọ èso kókó di dúdú, àfi kí wọ́n bù ú pọ̀ kí omi tó lè ní àwọ̀ búlúù tó dán mọ́rán. Èèwọ̀ ni ìfò ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú bàbà yẹn, ojú-kan sí ojú-kan. Gbígbọ̀n ló ń jẹ́ kó rí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń jẹ. Ẹ fi wé oògùn elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní pámángánéètì, èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò. Hóró díẹ̀ nínú rẹ̀ ń pa odindi garawa omi láwọ̀, torí pé mólékù tirẹ̀ ò ní ojúkò ìdọ́gba, kò sì sí èèwọ̀ kankan lórí ìfò náà. Kárótíìnì tún ga ju ìyẹn lọ. Bí a bá gbé mólékù kan kojú mólékù kan, agbára tí kárótíìnì fi ń jẹ búlúù ju èyí tí bàbà inú omi fi ń jẹ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ojú-òdì. Bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì bá jọ wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà, òdì lọ́nà méjì di ojú-kan, ilẹ̀kùn sì ṣí. Maria Goeppert-Mayer ti sọ ọ́ nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, èyí tó jáde ní 1931, pé ó lè ṣẹlẹ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tó láyé ìgbà yẹn. Ó di 1961, nígbà tí ẹ̀rọ lésà ti dé, kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí i.

Báwo wá ni ti búlúù tí kárótíìnì gbé mì? Ó gbé mólékù dé ìpele ojú-òdì, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ìdá márùn-ún ìpín kan ò tíì pé tí mólékù náà ti já bọ́ sí ìpele ojú-kan ìsàlẹ̀. Ó dé ibẹ̀ tán, ilẹ̀kùn tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà láti wọlé náà ló dí i lọ́nà láti jáde. Kò lè tan ìmọ́lẹ̀ padà. Nǹkan bí ìpín mẹ́wàá péré ló lò níbẹ̀, ó sì tú gbogbo agbára náà sílẹ̀ bí ooru. Ẹ lè fi ewé ẹ̀fọ́ wé e: ẹ gún un, ẹ fi sípírítì yọ omi rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i nínú òkùnkùn. Ó máa ń tan pupa bí ẹyín iná. Àwọ̀ ewé, kilorofíìlì, ló ń tan bẹ́ẹ̀. Kárótíìnì kì í ṣe é.

Ewé igi ló sì ń jèrè ìyẹn. Nínú gbogbo ewé tútù tó wà láti Fìdítì dé Ìlọrà, mọ̀lẹ́bí kárótíìnì ń gbé pẹ̀lú kilorofíìlì. Wọ́n ń bá a mú búlúù wálé, wọ́n sì ń gba àpọ̀jù agbára lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí ó má baà sun ewé. Ọsàn Fìdítì tí ẹ máa ń rà lójú ọ̀nà, tó ti pọ́n tí èèpo rẹ̀ ṣì ń ṣe ewé-ewé, àwọn méjèèjì ló wà lára rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ni kì í jẹ́ kí kilorofíìlì tètè kúrò níbẹ̀. Kárótíìnì ti wà lábẹ́ ẹ tipẹ́.

Ìmọ̀ ìtú-ìmọ́lẹ̀-wò, iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń jẹ, ló sọ gbogbo èyí di ohun tí a lè lò lọ́jà. Bí ilé àyẹ̀wò bá fẹ́ mọ iye kárótíìnì inú epo, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ onígbì 446 nánómítà sí i, wọ́n á wo iye tó jẹ. Wọ́n á tún tan 269 sí i, torí ibẹ̀ ni ohun tó ti bàjẹ́ nínú epo ti ń jẹun. Bí 446 bá pọ̀ tí 269 kéré, epo náà dára. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sudan IV sínú epo tó ti ṣí kó lè pupa padà. Àwọ̀ aṣọ àti ti ẹ̀rọ ni, kì í ṣe oúnjẹ, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Nàìjíríà àti Gánà sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n. Ẹ̀rọ lè yà wọ́n, torí àyíká 520 ni Sudan IV ti ń jẹun jù, ìfò tirẹ̀ kì í ṣe ìfò kárótíìnì. Ẹ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

Mo padà sí Ìwàrè láti sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà, ní kúkúrú. Ó gbọ́ ti ọpọ́n ayò, ó gbọ́ ti fífa okùn, ó wá ní: "Àdín ńkọ́?" Ẹkùrọ́ ò ní okùn yẹn nínú. Òróró rẹ̀ ò ní ohun tó máa jẹ búlúù, iná tí a fi yan ẹkùrọ́ ló ń pa á láró. Àdín tí a ò bá yan ẹkùrọ́ rẹ̀ kì í dúdú.